Ẹ̀yin ará Kwara tẹ́ ẹ̀ ń dìbò l'Amẹ́ríkà, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣọ́ ọ nìyí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló kan ẹni tó jókòó sí Ilọrin nínú ìbò Amẹ́ríkà. Ó kàn mí o. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní nítòsí Post Office, fọ́ọ̀mù ni mo máa ń bá èèyàn kún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, JAMB ni o, NIN ni o, fìsà ni o, nígbà tí lọ́tìrì Amẹ́ríkà ṣì wà fún àwa ọmọ Nàìjíríà náà èmi ni mo bá ọ̀pọ̀ kún un, àwọn kan nínú wọn ti di sítísìn lọ́hùn-ún báyìí, tí ìbò bá sì ti ń bọ̀ èmi náà ni wọ́n tún ń fi voice note ránṣẹ́ sí, "Bọ̀dá, orúkọ mi ò jáde o, kí ni mo máa ṣe?" Mo ti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé yín ni pé olè ìbò tiwọn ò jọ tiwa. Nílé níbí, jàǹdùkú lè gbé àpótí sá lọ, wọ́n sì lè ní kó o wá dìbò kó o sebẹ̀, ojú ẹ báyìí ló máa ṣẹlẹ̀. Lọ́hùn-ún, ìbò ẹ lè ti sọnù láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, nínú kọ̀ǹpútà, nínú ọ́fíìsì tó ní AC, pẹ̀lú òfin lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní pariwo. Ìwé lẹ máa fi ṣọ́ irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ṣùgbọ́n eléyìí ò gba ìjàkadì rárá.

Ẹni tó jẹ́ gírín káàdì nìkan ló ní, kó dúró ná. Ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin wọn, tẹ́ ẹ bá sì ṣèèṣì forúkọ sílẹ̀, ó lè ba ìwé sítísìn yín jẹ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n tiẹ̀ lè dá yín padà wálé lórí ẹ̀. Ibi tó ti sábà ń ṣẹlẹ̀ ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, torí láti 1993 ni òfin wọn ti ní kí wọ́n máa bi èèyàn níbẹ̀ bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Òṣìṣẹ́ yẹn á máa sáré sọ̀rọ̀, ìwọ náà á máa sáré dáhùn yes, yes, yes, bí ìgbà tí Alfa bá ń ṣe àdúà tí à ń ṣe àmín tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ibi àmín nìyẹn o! Ẹ ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá di sítísìn, orúkọ yín ni kẹ́ ẹ mójú tó. Ẹ mọ bí orúkọ àwa ará Ilọrin ṣe rí. Mo ti rí ọkùnrin kan tó jẹ́ Abdulrasheed nínú páálí ilé ìwé, tó di Abdul-Rasheed lórí páálí sítísìn, tó wá di Rasheed A. lórí láísẹ́ǹsì, òun nìkan o, kì í ṣe ìbẹ́ta. Ẹ rò pé kékeré ni? Lọ́dún 2018 ní Georgia, nǹkan bí 53,000 èèyàn ni wọ́n so fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wọn rọ̀ torí pé ohun tí wọ́n kọ ò bá èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba mu pátápátá, hyphen kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, àwọn èèyàn dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣì lè dìbò tí wọ́n bá mú ìwé ìdánimọ̀ tó bá orúkọ mu lọ, ṣùgbọ́n mélòó ló mọ̀? Nítorí náà, bí orúkọ yín ṣe wà lórí páálí sítísìn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ síbi gbogbo, kẹ́ ẹ sì ya fótò páálí yẹn sórí fóònù.

Ẹ má gbàgbé lẹ́tà tí ọ́fíìsì ìbò ń fi ránṣẹ́ sílé yín. Àbúrò mi obìnrin, ìpínlẹ̀ kan níhà gúúsù ló ń gbé, a ń ṣe fídíò kọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi ilé tuntun tó kó sí hàn mí, bó ṣe gbé fóònù gba ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ni mo rí káàdì funfun kan tí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ àárín ìwé píísà. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní àwọn onípolówó ọjà ni jàre, wọ́n ń da ìwé síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní kó sún un mọ́ mi. Ọ́fíìsì ìbò ni káàdì yẹn ti wá, wọ́n ń béèrè bóyá ó ṣì ń gbé níbi àdírẹ́sì ẹ̀ àtijọ́, kó buwọ́ lù ú kó dá a padà, wọ́n tiẹ̀ ti sanwó sítáǹpù sílẹ̀ fún un. Oṣù méjì ló ti wà níbẹ̀ tó ń wo píísà!

Ohun tí káàdì yẹn ń ṣe nìyí: tẹ́ ẹ ò bá dá a lóhùn, tẹ́ ẹ ò sì dìbò nínú ìbò àpapọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, wọ́n lè yọ orúkọ yín kúrò, òfin sì gbà á. Ní Ohio, wọ́n ní kí ẹni tí ò bá dìbò fún ọdún méjì gba irú káàdì yẹn, èèyàn kan pè wọ́n lẹ́jọ́, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́dún 2018 adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin dá Ohio láre. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ kó lọ sílé míì, kó tó di pé ẹ gbé àga wọlé, ẹ lọ yí àdírẹ́sì yín padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí vote.gov, ibẹ̀ ló máa gbé yín lọ sí ti ìpínlẹ̀ yín. Ẹ wo orúkọ yín, ẹ ya screenshot ẹ̀, kí déètì hàn nínú ẹ̀. Ẹ ṣe é kó tó ku oṣù méjì kí ìbò ó wáyé, ẹ tún un ṣe nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí ìpínlẹ̀ míì, tó bá ti ku ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n ti tilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ìlú ọ̀làjú kọ́ ni. Ìlú ọ̀làjú yìí náà ni wọ́n ti lu àwọn èèyàn dúdú lálùbolẹ̀ lórí afárá ní Selma, ní Alabama, ní March 7, 1965, torí pé wọ́n ń rìn láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò wọn. August ọdún yẹn ni Johnson, ààrẹ wọn nígbà náà, buwọ́ lu òfin tó ní kí àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ń rẹ́ wọn jẹ máa kọ́kọ́ gbàṣẹ ní Washington kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà nínú ètò ìbò. Lọ́dún 2013, ẹjọ́ kan tó wá láti Alabama yìí kan náà ló mú kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ìgbàṣẹ yẹn dúró. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ló kù tó máa sáré lọ sí kóòtù, ìbò sì lè ti lọ kí ẹjọ́ tó parí.

Ohun kan ṣì wà nínú òfin 1965 yẹn tó wúlò fún àwọn ìyá wa. Màmá tó lọ bá ọmọ tọ́mọ, tó di sítísìn, tí ò mọ̀wé, ó lè mú ẹni tó bá wù ú wọlé kó bá a kà á kó sì bá a tẹ̀ ẹ́, kó ṣáà ti má jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ̀ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í jáde.

Ọjọ́ ìbò gan-an, Tuesday ni, ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe Sátidé bíi tiwa tí gbogbo ọ̀nà máa dá páro. Tí ìpínlẹ̀ yín bá ń ṣe early voting, ẹ tètè lọ dì í. Ẹ gbé omi dání. Níbí, oní-pure water á dé ìdí ìlà bá yín, oníwàrà náà á gbé abọ́ dé, ṣùgbọ́n ní Georgia láti 2021 ẹlòmíì ò gbọdọ̀ máa pín omi fún ẹni tó wà lórí ìlà nítòsí ibùdó ìbò. Èmi ò mọ irú ọkàn tó kọ òfin yẹn. Tí aago bá lù tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn tẹ́ ẹ sì ti wà lórí ìlà, ẹ má lọ sílé, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ dìbò. Tí wọ́n bá ní orúkọ yín ò sí, ẹ má bá wọn jà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní provisional ballot, ìyẹn ìwé ìbò tí wọ́n á yà sọ́tọ̀ títí wọ́n á fi yẹ orúkọ yín wò, òfin 2002 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ gba bébà tí wọ́n máa fún yín, ẹ sì bi wọ́n bóyá ìwé kan kù tẹ́ ẹ máa mú wá àti ọjọ́ tí wọ́n á gbà á dà, torí ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń sùn lọ. Ẹ fi nọ́ńbà 866-OUR-VOTE pamọ́, lọ́yà ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún voice note. January 2024, wọ́n fi ohùn tó jọ ti Biden gan-an pe àwọn ará New Hampshire pé kí wọ́n má jáde wá dìbò abẹ́lé. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Jẹgúdújẹrá tí ojú máa ń rí wà níbẹ̀ o, sẹ́nétọ̀ New Jersey kan, Menendez, góòlù àti owó tó lé ní $480,000 ni wọ́n bá nílé ẹ̀, nínú àpòòwé, nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n dájọ́ ọdún mọ́kànlá fún un ní January 2025. Èyí tó le jù ni èyí tí òfin fọwọ́ sí. Láti 2010 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Citizens United, kọ́ńpìnnì lè ná iye tó bá wù ú láti polówó ẹni tó fẹ́ kó wọlé, kó ṣáà ti má bá ẹni yẹn ṣètò ẹ̀ pọ̀. Tiwa, olùdìbò ni wọ́n ń fún lówó. Tiwọn, ẹni tó ń du ipò ni wọ́n ń náwó lé lórí, kò sì sẹ́ni tó ń náwó bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ lọ sí fec.gov, ojúlé àjọ tó ń mójú tó owó ìbò wọn, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó ń du ipò ààrẹ tàbí ti ilé aṣòfin àpapọ̀. Ẹni tó bá fún un ní owó tó ju $200 lọ, orúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ àti ibi iṣẹ́ ẹ̀ máa wà níbẹ̀. Ẹ kọ àwọn mẹ́wàá tó fún un jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sí congress.gov lọ wo bó ṣe dìbò lórí òfin tó kàn wọ́n. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Owó kan wà tó ń gba inú ẹgbẹ́ tí ò ní sọ ẹni tó fún un, ìyẹn ò ní hàn, ṣùgbọ́n èyí tó hàn náà pọ̀. Tó bá jẹ́ ti gómìnà tàbí káńsílọ̀, ìpínlẹ̀ ló ní ojúlé tiẹ̀, ẹ má sì fojú di ìbò ṣẹ́ríìfù àti ti ìgbìmọ̀ ilé ìwé, èèyàn díẹ̀ ló ń jáde sí i, ohùn yín tún tóbi níbẹ̀.

Àwa tá a wà nílé, ẹ má fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá yín fún ẹnikẹ́ni tó ń du ipò lọ́hùn-ún o. Oníbàárà mi kan fẹ́ fi $50 ránṣẹ́, mo ní Alhaji, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún àjèjì, ẹ̀ṣẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá yín fi orúkọ tiẹ̀ san án. Sítísìn àti ẹni tó ní gírín káàdì nìkan ló lè fún wọn lówó.

Tẹ́ ẹ bá láyè, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìbò, wọ́n ń sanwó ẹ̀ bíi ti ad hoc INEC, ẹ ó sì fojú ara yín rí bí wọ́n ṣe ń kà á.

Àbúrò mi tún ti ń kó lọ sílé míì. Mo ní àdírẹ́sì ńkọ́, ó ní lọ́la. Mo ti ṣètò alámù sórí fóònù mi, aago mẹ́wàá alẹ́ níbí, tóun bá ti ibi iṣẹ́ dé.