Bí Mo Ṣe Pa Písìnì Ẹ̀gbọ́n Mi Dé ní Àjàṣẹ́, àti Owó Kílórìn Tó Ṣòfò

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 240 sẹ́fà ni mo san lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá kí omi písìnì (adágún ìlúwẹ̀ẹ́) ẹ̀gbọ́n mi tó yéé jọ ọbẹ̀ ewédú. Owó yẹn ṣì ń dùn mí wọ eegun, òun ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Kì í ṣe pé a fi písìnì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Mo pe ọ̀gá kan tó ní iṣẹ́ òun ni. Ó gba 85,000 lọ́wọ́ mi lóṣù kẹwàá tó ṣáájú ìgbà yẹn, ó da gálè kílórìn (oògùn apakòkòrò omi tí wọ́n dì bí òkúta pẹlẹbẹ) sí omi, ó fa tapólì bò ó, ó pa pọ́ǹpù, ó ní ó di ìgbà tí onílé bá dé. Ẹni a ní kó feni lójú, ó fata sẹ́nu.

Bọ́dèró (Bordeaux) ní ilẹ̀ Faransé ni onílé wà, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó kọ́lé sí ọ̀nà Wàńdò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní písìnì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 4, omi rẹ̀ tó 40,000 lítà. Oṣù keje ló ń dé, oṣù kẹsàn-án ló ń padà. Gbogbo oṣù tó kù, ọrùn mi ló wà.

Nígbà tí oṣù kẹwàá tún dé, mo ní n kò ní pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù bí ìṣe rẹ̀: "Àbúrò, àsìkò pípa písìnì dé ti tó. Jẹ́ kí omi tutù dé ìwọ̀n 12 kí o tó bò ó o."

Ẹ̀rín pa mí. Ní ti àwọn ará Bọ́dèró, òótọ́ lohun tó sọ: bí omi bá ti tutù ju ìwọ̀n 12 (12°C) lọ, àwọn ewé omi kéékèèké tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, èèyàn lè pa pọ́ǹpù kó sì lọ sùn títí òtútù á fi kọjá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àfi tí ẹ bá fi ọkọ̀ òkun kó yìnyín wá." Kódà nígbà ọyẹ́, tá a máa ń wọ súwẹ́tà láàárọ̀, omi Àjàṣẹ́ kì í tutù débẹ̀. Ibi tí ọ̀gá tó gba 85,000 yẹn ti kọ́kọ́ ṣìṣe nìyẹn. Níbí, èèyàn kò lè pa pọ́ǹpù pátápátá. Ní tèmi, wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ ni mo fi í sí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbígbá ìsàlẹ̀, fífọ asẹ́ oníyanrìn, ṣíṣa ewé máńgòrò: ẹ mọ ìyẹn. Ìgbà tí mo wọn omi ni wàhálà dé.

pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, jẹ́ 6.8, ó kan jù díẹ̀, torí àárín 7.2 sí 7.6 ló yẹ kó wà. Kílórìn jẹ́ miligíráàmù 3 nínú lítà kan, ó dára lójú bébà tí wọ́n fi ń wọn omi. Ṣùgbọ́n omi ń ṣú, ògiri ń yọ̀ bí ilá. Mo ní kílórìn kò tó nìyẹn. Mo gba Kútọnu lọ, mo ra garawa gálè kílò 5 ní 32,000, mo sọ mẹ́rin sínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ògiri ṣì ń yọ̀. Mo tún sọ mẹ́rin sí i. Mo rò pé iná ni mò ń pa, àṣé epo ni mò ń dà sí i.

Ìgbà tí mo padà lọ ra garawa kejì, ọmọbìnrin tó ń tajà wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti wo stabilisant omi yín?" N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Oòrùn a máa jẹ kílórìn inú omi láàárín wákàtí díẹ̀, ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe gálè fi po ásíìdì cyanuric, tí í ṣe stabilisant yẹn, mọ́ ọn, bí agbòòrùn. Kílórìn á ṣiṣẹ́ tán, á lọ. Agbòòrùn kì í lọ. Gálè 250 gíráàmù kan ń fi ohun tó lé ní miligíráàmù 3 kún lítà kọ̀ọ̀kan nínú omi bíi tèmi. Méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń fi sí i, láti oṣù mélòó. Bí agbòòrùn yẹn bá jẹ́ miligíráàmù 30 sí 50 nínú lítà kan, ó dára. Bó bá ti kọjá 100, kílórìn á wà níbẹ̀, bébà á sì rí i, àmọ́ ṣe ló dà bí alágbàṣe tó jókòó sábẹ́ ibòji, tó ń gbowó, tí kò fọwọ́ kan ọkọ́.

Mo ra ohun èlò rẹ̀: ike gbọọrọ kan tó ní àmì dúdú nísàlẹ̀. Wọ́n á da omi tí wọ́n ti po oògùn mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, títí àmì dúdú yẹn á fi farasin. Tèmi farasin kí n tó dà á dé ibi tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n po omi písìnì mọ́ omi ẹ̀rọ ní ìdajì-ìdajì, kí n sọ ohun tí mo bá rí di ìlọ́po méjì. Mo rí 80. Ìyẹn jẹ́ 160! Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, bíi pé á ṣàánú mi.

Kò sí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tó lè kó o kúrò. Dídà ni omi náà. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè dà á tán lẹ́ẹ̀kan: òjò oṣù kẹwàá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ọ̀sà, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti písìnì òfìfo sókè kó sì là á. Torí náà, ìdajì ni mo dà, mo tún rọ omi tuntun sí i. 160 di 80. Ìdajì mìíràn, 80 di 40. Ẹnu ni ó dùn ún sọ.

Kí n tó dà á sígboro, ó yẹ kí kílórìn rẹ̀ kọ́kọ́ tán. Mo dáwọ́ gálè dúró, mo ń retí kí oòrùn jẹ ẹ́. Agbòòrùn tí mo fi owó mi rà kò jẹ́ kí oòrùn rí i jẹ! Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Níkẹyìn mo tú u sí gọ́tà, ó kún, ó ṣàn dé ẹnu ilé Àlájà tó ń ta epo. Ó jáde:

"Ìwọ, ṣé odò lo gbé wá bá mi ni?"

"Ẹ máà bínú, ìyá wa. Omi písìnì ni, kò ní nǹkan nínú."

"Bí kò bá ní nǹkan nínú, èéṣe tí o fi ń dà á nù?"

Mi ò rí èsì fún un.

Omi kànga ni mo fi dí ìdajì àkọ́kọ́, kí owó omi má bàa pọ̀. Nínú garawa, ó mọ́ gaara. Bí mo ṣe da kílórìn oníyẹ̀fun sí i nínú písìnì, omi náà pọ́n bí àgbo ibà lójú mi. Irin ló wà nínú kànga, kílórìn ló sì mú kó yọjú. Ọjọ́ mẹ́rin ni pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, mo ń fọ asẹ́ láràárọ̀, tapólì funfun tí mo dì mọ́ etí rẹ̀ pọ́n dòní. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti bu omi kànga sínú garawa funfun, kí n fi kílórìn díẹ̀ sí i, kí n fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Omi ẹ̀rọ ni mo fi dí ìdajì kejì.

Èyí tó kù kò gba ọ̀sán kan. Mo fi bikabọ́nétì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́ta gbé agbára tí omi fi ń di pH rẹ̀ mú (alkalinity) láti 40 dé 80, pH gòkè tẹ̀ lé e títí dé 7.4. Mo wá fi kílórìn oníyẹ̀fun tí kò ní agbòòrùn nínú sí i lálẹ́. Ìyẹ̀fun ni mo dà sínú omi garawa o, n kò da omi lé ìyẹ̀fun. N kò sì jẹ́ kí ó sún mọ́ garawa gálè, torí bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàmù. Ògiri yéé yọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo fi ọwọ́ ra á tó ìgbà mẹ́wàá, ìyàwó mi ní ṣé mo ti ń ya wèrè ni.

Lóṣù kejì, eruku ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Mo ká tapólì kúrò, mo ju owó ẹyọ 25 sínú ibi tó jìn jù. Mo dúró sí bèbè, mo rí àwòrán ẹja tó wà lára rẹ̀ kedere. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ́dèró.

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ó mọ́ o. Àmọ́ kí ló dé tí owó omi oṣù kọkànlá fi pọ̀ tó báyìí?"