Bí A Ṣe Lè Ṣètò Alẹ́ Ìwé Kíkà fún Àwọn Obìnrin Òǹkọ̀wé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin)

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ayẹyẹ kan tí wọ́n pè ní alẹ́ àwọn obìnrin òǹkọ̀wé. Àwọn èèyàn pàtàkì mẹ́fà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìkíni ń gorí ìkíni, nígbà tí yóò sì fi kan ọ̀dọ́bìnrin tí a torí rẹ̀ wá, àwọn èèyàn ti ń dìde lọ sílé. Láti ìgbà tí a ti jókòó ló ti gbé ìwé ewì rẹ̀ lé itan, tó fi ìka há ojú ewé tó fẹ́ kà. Ewì kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ kí ó kà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé bí a bá fẹ́ yẹ́ obìnrin òǹkọ̀wé sí, ohun tí ó kọ ni kí àwùjọ gbọ́, kí gbogbo ètò yòókù sì máa sin ìyẹn.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ronú kan àga àti oúnjẹ. Òǹkọ̀wé mẹ́rin tó fún alẹ́ kan. Ojú ewé kan nínú ìtàn àròsọ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì bí a bá kà á sókè láìkánjú. Ẹni tí a bá fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ewé márùn-ún ni kí ó mú wá. Ẹ jẹ́ kí ó kà á létí yín kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ máa wo aago. Kí ẹ wá àwọn tó ń kọ̀wé lásìkò yìí, pàápàá àwọn tó wà nítòsí. Àjàṣẹ́ kò ṣàìní tirẹ̀: ìlú yìí ni wọ́n bí Adélaïde Fassinou sí, ẹni tí ìwé rẹ̀ Modukpè, le rêve brisé jáde ní ọdún 2000. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí kò lè wá, ẹlòmíràn lè bá a ka iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òun tàbí lọ́wọ́ àwọn tó tẹ ìwé náà. Àpẹẹrẹ kan ni Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tó jáde ní ọdún 2017, tó sì dá lórí tọkọtaya kan ní Iléṣà tí wọ́n ń wá ọmọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà ní èdè Faransé pẹ̀lú, ìyá wo ní Àjàṣẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí máa ṣàjèjì sí?

Ọ̀rọ̀ èdè ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa fi ń kọ̀wé, nítorí òun ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá òǹkọ̀wé náà, tó jókòó ní iwájú pẹ̀lú gèlè rẹ̀, lè má gbọ́ ju Yorùbá tàbí Ègùn lọ. Ẹ má ṣe fi ògbufọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òǹkàwé kí ó máa tú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde. Ìyẹn a máa fọ́ ìtàn náà sí wẹ́wẹ́. Kí òǹkọ̀wé ka abala tirẹ̀ tán, kí ẹlòmíràn wá ka ti Yorùbá tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá máa túmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti òǹkọ̀wé fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Nígbà tí mo ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ belle-mère dá mi dúró ní ìlà kejì: ìyá ọkọ ni, àbí ìyá ìyàwó, àbí ìyàwó bàbá? Faransé fi ọ̀rọ̀ kan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó bàbá ni, gbogbo ìtàn náà sì yí padà lójú mi. Ẹ tún kíyè sí elle, ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń tọ́ka sí obìnrin. “Ó” tiwa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà níbi tí agbára ewì bá ti wà nínú pé obìnrin ló ń ṣe nǹkan, ẹ kọ “obìnrin náà” kedere.

Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún iyebíye fún gbogbo ayé, mọ̀ pé alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn alẹ́ orin àti àwàdà tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti kọ́ àwọn èèyàn wa láti jókòó dòru nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi eré náà yẹ́ sí, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló sábà ń gbé agọ̀. Ní alẹ́ tiwa, obìnrin ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a yá lọ́wọ́ Ẹ̀fẹ̀ ni bí àwùjọ ṣe ń dáhùn. Kí atọ́kùn sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé a lè rẹ́rìn-ín, a lè kẹ́dùn, a lè fèsì, kí òǹkàwé sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó rò pé wọn yóò ti dáhùn, kí ó lè dúró dè wọ́n.

Ní ti ọjọ́, ẹ yẹra fún Àbámẹ́ta, nítorí ìsìnkú àti ìgbéyàwó; Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí àwọn Mùsùlùmí lè wá pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Àgbàlá ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ ti àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Brazil, dára púpọ̀, nítorí ògiri rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn sá lọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ láàárín oṣù Kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, kí òjò má baà tú wa ká. Kí iná kékeré kan wà tó tan tààrà sí ojú ewé, kí ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí àwùjọ, kí òǹkàwé sì fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí àárín ẹnu rẹ̀ àti máìkì. Ẹ tẹ́ ẹní sí igun kan fún àwọn ọmọdé, kí ẹ sì bẹ ẹnìkan kí ó máa mójú tó wọn, nítorí ọmọ lọ́wọ́ ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá wá.

Ẹ fún gbogbo àwọn èèyàn pàtàkì ní ìṣẹ́jú márùn-ún lápapọ̀, kí ẹ sì ti bá wọn sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ṣáájú. Dípò kí a máa ka ìwé ẹ̀rí òǹkọ̀wé sókè, kí ìyá àgbà kan láti ìdílé rẹ̀ ki í ní oríkì rẹ̀ bí ó bá ti ń jáde bọ̀.

Kí tábìlì ìwé wà ní ẹnu ọ̀nà, kí oúnjẹ má sì jáde títí a ó fi kàwé tán. Kí gbogbo wa tó túká, ẹ ka owó ìwé tí a tà lójú òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi owó ọkọ̀ rẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi lé e lọ́wọ́.