Bí Ìjàpá Wa Ṣe Kọ Oúnjẹ fún Ọjọ́ Mọ́kànlá

Gbogbo ẹni tó gbọ́ àlọ́ dàgbà ló mọ̀ pé Ìjàpá kì í kọ oúnjẹ. Ó jí oúnjẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, ó dà á sínú fìlà, ó dé e mọ́rí, irun orí rẹ̀ sì bó. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin wá sọ nípa ìjàpá tí a ń sìn nílé pé, "Mọ́mì, Yánníbo ò jẹun o." Mo ní bóyá ó ń gbààwẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Àbúrò bàbá mi tó ṣiṣẹ́ ní Sókótó ló gbé e bọ̀ fún wa n'Ìbàdàn nígbà tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ahun inú igbó tiwa níbí. Ìjàpá ilẹ̀ gbígbẹ apá Sàhẹ́lì ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ó ní ṣóńṣó líle bí ẹ̀gún ní itan ẹ̀yìn, àwọn tó sì dàgbà nínú wọn lè wọ̀n ju 40 kílò lọ. Tiwa ṣì kéré, kílò 2.3 ló wọ̀n nígbà tí mo fi ìwọ̀n ìyẹ̀fun wọ̀n ọ́n lóṣù kẹfà. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Yánníbo, láìmọ̀ bóyá abo ni.

Oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn mọ bí oṣù yẹn ṣe máa ń rí: ojú ọjọ́ á ṣú látàárọ̀ dalẹ́, òjò wínníwínní, aṣọ tí a sá ò ní gbẹ. Orí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni Yánníbo ń sùn, níbi tí atẹ́gùn òjò ti ń kàn án. Mi ò kà á sí. Mo rò pé ẹran tó ru ilé rẹ̀ sẹ́yìn ò ní í bẹ̀rù òtútù.

Alhaja tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tún fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí Alágbà, ìjàpá tó wà láàfin Ṣọ̀ún nígbà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń jẹun." Lóòótọ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ láàfin Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Wọ́n tún ní ọdún 344 ló lò kó tó kú lóṣù kẹwàá ọdún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ò gbà pé ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni Alágbà. Ọmọdé ni tiwa, àràárọ̀ ló sì ti máa ń dúró de ewé. Ìwà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ti Alágbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi adùn tàn án: ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, tòmátò, kùkúmbà. Ó yí ojú kúrò. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà. Kò tiẹ̀ wo ẹran náà dáadáa tó fi ní aràn ni, ó sì mú abẹ́rẹ́ ivermectin jáde, èyí tí wọ́n ń gún fún ewúrẹ́. Mo ti ń wá owó nínú báàgì. Ohun tó dá mi dúró ni pé kò bi mí bó ṣe wúwo tó. Òògùn wo lẹ fẹ́ gún fún ẹran tí ẹ ò wọ̀n? Mo gbé Yánníbo, mo wá dókítà ẹran lọ.

Nígbà tí mo dárúkọ abẹ́rẹ́ náà fún dókítà, obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́. Ewúrẹ́ lè gbà á, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ ìjàpá lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ni, ó sì máa ń pa á." Ó wọ̀n ọ́n: kílò 2.1. Ó wo ihò imú bóyá ìfófòó wà níbẹ̀, ó la ẹnu rẹ̀ wò bóyá egbò tàbí ọyún wà nínú rẹ̀, ó tẹ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ń rọ̀. Kò rí ìkankan. Ojú rẹ̀ ló jìn sínú díẹ̀, òǹgbẹ nìyẹn.

Ó wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Ara ìjàpá kì í dá ooru ṣe, oòrùn àti ilẹ̀ ló ti ń yá a. Bí ara bá tutù, inú náà á dúró, oúnjẹ ò ní dà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń fi lọ̀ ọ́ yẹn, ká ní ó jẹ ẹ́ ni, ńṣe ni ì bá kan sí i nínú. Ó ní ooru ni kí n kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà omi, oúnjẹ ló kẹ́yìn, n ò sì gbọdọ̀ fi tipátipá ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní bí imú rẹ̀ bá ń hó tàbí tó bá ń ya ẹnu mí, kí n má dúró di ọjọ́ kejì.

Ooru ló fún mi níṣẹ́ jù. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn olọ́sìn adìyẹ, mo ra gílóòbù pupa oníwáàtì 100 tí wọ́n fi ń móoru fún òròmọdìyẹ, nítorí àwọn gílóòbù funfun ìsinsìnyí kì í gbóná. Mo tún ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbóná. Mo fi pákó kan àpótí gígùn, mo da koríko gbígbẹ sí i, mo so gílóòbù sí apá kan ṣoṣo, kó lè sún kúrò bó bá gbóná jù. Abẹ́ gílóòbù jẹ́ dígírì 34, apá kejì jẹ́ 27. Iná sì ń lọ, ẹ kúkú mọ̀. Bí wọ́n bá mú un lọ lóru, màá da omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì, màá fi aṣọ wé e, màá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ọkọ mi ní òun ò rántí pé mo jí lóru báyìí nígbà tí mo bí àkọ́bí wa. N ò dá a lóhùn.

Omi rọrùn. Láràárọ̀, màá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, tí kò kọjá àgbọ̀n rẹ̀, màá gbé e sí i fún bí ìdajì wákàtí. Lọ́jọ́ kejì ó ki orí bọ omi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó mu, ó mu. Ó tọ̀, ohun funfun tó bá ìtọ̀ náà jáde le bí iyanrìn. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ó ń rọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án tó ti kọ oúnjẹ ló yàgbẹ́ sínú bàsíà. Nígbà tí mo fẹ́ da omi nù, mo rí nǹkan tó ń tàn yanran. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni, ó gùn tó ìka mi, ó lọ́ bí okùn. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé ìgbẹ́ náà lọ fún dókítà bó ṣe ní kí n ṣe. Aràn tó rí níbẹ̀ kò pọ̀ débi tí yóò fún un lóògùn. Lójú tèmi, òtútù ló kọ́kọ́ dá inú rẹ̀ dúró, ọ̀rá wá há síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, mo já òdòdó haibísíkọ́ọ̀sì pupa kan lára ọgbà Alhaja, mo fi síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ewé yánrin. Ó na ọrùn. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó wá bu òdòdó náà ṣán, àwọn ọmọ sì pariwo tó fi sá padà sínú igbá. A ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Nígbà tí mo padà dé, òdòdó ti tán, yánrin ku igi.

Koríko àti yánrin ni oúnjẹ rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú èèpo ẹyin tí mo lọ̀ kúnná, èso dídùn sì di ọ̀wọ́n. Ọmọ mi máa ń ṣa ọ̀rá nínú àgbàlá kí a tó tú u sílẹ̀. Lóṣù kọkànlá ó wọ̀n kílò 2.4. Dókítà ní kò tíì dàgbà tó kí òun sọ bóyá akọ ni, orúkọ Yánníbo ṣì dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Alhaja kan ilẹ̀kùn wa. Ìjàpá ti gba abẹ́ ọgbà kọjá, ó ti jẹ gbogbo òdòdó tó wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì Ìyanu, ṣé ẹ ò wá lè jẹ́ kó máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóṣù bíi ti Alágbà ni?"