Apache 2.0 àti GPL: ẹ wá "only" kí ẹ tó pò wọ́n pọ̀
Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì tí ẹ ń kọ kóòdù, kí ẹ tó da kóòdù Apache 2.0 pọ̀ mọ́ ti GPL (ìwé àṣẹ méjì tó ń sọ bí a ṣe lè lo kóòdù ẹlòmíràn), ẹ tẹ `grep -r "SPDX-License-Identifier" .` nínú fódà iṣẹ́ náà, kó lè wá ìlà SPDX tó ń dárúkọ ìwé àṣẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan jáde. Bí ẹ bá rí GPL-2.0-only, ẹ má pò wọ́n pọ̀: àdéhùn patent (ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn hùmọ̀) inú Apache kò bá GPL 2 mu. GPL-2.0-or-later kò ní wàhálà, torí ẹ lè mú GPL 3, èyí tó gba Apache mọ́ra. Fáìlì tí kò ní ìlà SPDX kò ní jáde o (`grep -rL` ló ń tú wọn síta). Ẹ ka òkè wọn, kí ẹ wá "any later version". Àmọ́ bí ẹ bá gba ọ̀nà GPL 3 yìí, gbogbo àpapọ̀ náà ti di GPL 3 nìyẹn, ẹ ò lè gbé e jáde lábẹ́ Apache mọ́.