Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Síso Kọ̀ǹpútà Mọ́ LDAP

Ẹni tí ó bá ń ka èyí ti mọ LDAP, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bi sáfà kan léèrè orúkọ àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ti fi SSSD, ètò tí ó ń bá sáfà náà sọ̀rọ̀, sórí kọ̀ǹpútà Linux rí. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni owó tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ yìí ń ná sórí ohun tí ìlà kan ṣoṣo nínú sssd.conf, fáìlì ìṣètò SSSD, lè yanjú.

Èkíní, ẹ má ṣe kọ never síwájú ldap_tls_reqcert, ìlà tí ó ń pinnu bóyá kọ̀ǹpútà yóò yẹ ìwé ẹ̀rí (certificate) tí sáfà fi ń fi ara rẹ̀ hàn wò. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti bá sáfà sọ̀rọ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni tí ó ń kánjú a máa wá ìlà yìí kiri, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì, a sì gba ilé lọ tayọ̀tayọ̀. Ohun tí ó ṣe gan-an ni pé ó lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ó bi àlejò léèrè orúkọ. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ráyè wọ àárín kọ̀ǹpútà àti sáfà lè pe ara rẹ̀ ní sáfà, kí ó sì máa gba ọ̀rọ̀ aṣínà bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ kan pè mí lẹ́yìn tí wọ́n ti ra ìwé ẹ̀rí tuntun, tí èyí náà kò sì ṣiṣẹ́. Mo ṣí fáìlì wọn, mo rí i pé nọ́ńbà IP ni wọ́n kọ sínú ldap_uri, ìlà tí ó ń tọ́ka sí sáfà, bẹ́ẹ̀ orúkọ sáfà nìkan ni ó wà lára ìwé ẹ̀rí méjèèjì. Mo fi orúkọ rọ́pò nọ́ńbà, mo tọ́ka ldap_tls_cacert sí fáìlì CA, ìyẹn aláṣẹ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo mọ̀ pé mo ti di aláròyé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èkejì, ẹ má ṣe fi orúkọ alákòóso sáfà ṣe ldap_default_bind_dn, orúkọ tí SSSD fi ń wọlé sí sáfà, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ má baà wà nínú fáìlì lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ tí kò lè ṣe ju kíkà lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nscd, ètò mìíràn tí ó ń tọ́jú ohun tí ó ti gbọ́, àti SSSD jọ máa tọ́jú passwd àti group, ìyẹn àkójọ orúkọ àti ti ẹgbẹ́.

Àwọn kan wà tí ó máa ń yí enumerate, ìlà tí ó ń ní kí SSSD kó gbogbo orúkọ wá, sí true nítorí pé àṣẹ getent passwd kò to orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ jáde. Kì í ṣe àbùkù. Bí SSSD ṣe wà nìyẹn. Ẹ tẹ àṣẹ id pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan, ẹ ó rí i. Níbi tí orúkọ bá ti pọ̀ lọ súà, true yóò mú kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa kó gbogbo wọn wálé léraléra, iṣẹ́ yóò falẹ̀, wọn yóò sì sọ pé sáfà ti darúgbó, wọn yóò lọ ra òmíràn.

Bí ẹ bá fi ẹnì kan sínú ẹgbẹ́ tuntun tí kọ̀ǹpútà kò sì tíì mọ̀, ẹ rántí pé SSSD a máa tọ́jú ohun tí ó ti gbọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5400, àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Ẹ lo àṣẹ sss_cache -E, kí SSSD lè tún béèrè lọ́wọ́ sáfà. Ẹ má ṣe pa ohun tí ó wà nínú /var/lib/sss/db rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú wà.

Nínú nsswitch.conf, fáìlì tí ó ń sọ ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti kọ́kọ́ wá orúkọ, files (fáìlì orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) ni kí ó ṣáájú sss (SSSD). Ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan PAM, ètò tí ó ń pinnu ẹni tí ó lè wọlé sórí kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ẹ ti fi orúkọ root wọlé sí ojú fèrèsé kejì, tí ẹ kò sì ní pa á títí ẹ ó fi rí i pé ẹ lè wọlé láti ibòmíràn.