Aràn Inú Ejò: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá A Mọ̀ àti Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ fún Àyẹ̀wò

Bí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ìhà Ìlọrin, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán bá la inú ejò, wọ́n lè bá ohun funfun kan tó ń yí nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má jù ú sígbó, ẹ má sì fún ajá jẹ. Ó lè jẹ́ irú tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́; ó sì lè jẹ́ irú tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ.

Èyí tí a mọ̀ jù nínú òjòlá, ọká àti paramọ́lẹ̀ ni Armillifer armillatus. Ara rẹ̀ rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Abo rẹ̀ lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, akọ kò tó ìdajì ìyẹn. Ẹ ka òrùka ara rẹ̀ kí ẹ tó wọn gígùn: abo ní bíi 18 sí 22, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ Armillifer grandis máa ń ní ju 25 lọ. Gígùn máa ń tan ni jẹ, torí pé ọmọ rẹ̀ kéékèèké ti ní òrùka tirẹ̀ pé. Aràn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àmọ́ ìbátan akàn àti edé ni. Ìkọ́ mẹ́rin ló wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, òun ló fi ń di ẹ̀dọ̀fóró mú.

Bí ohun tí ẹ rí bá dán, tó gbọọrọ, tí kò ní òrùka, tó sì wà nínú àpòlúkù, irú mìíràn ni. Bí ó bá fẹ́lẹ́ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun nínú ẹran ara ejò, ọmọ aràn pẹlẹbẹ ni. Òun náà lè wọ ara ènìyàn.

Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́

Ẹ má torí aràn pa ejò. Èyí tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ pa ti tó, bí kò bá tíì rà. Orí ejò tí a gé ṣì lè bu ènìyàn ṣán, nítorí náà ẹ sin ín lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn, ikùn, orí àti ìrù, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aràn tí a kò mọ ejò tó ti wá kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún onímọ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ikùn láti ọrùn dé ìdí. Ẹ má fa aràn náà: bí ẹ bá fà á, orí rẹ̀ yóò já kù sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìkọ́ ẹnu rẹ̀ sì ni onímọ̀ kọ́kọ́ máa wò. Ẹ gé ẹ̀dọ̀fóró tó dì mú mọ́ ọn.

Omi lásán máa ń mú kó wú títí yóò fi bẹ́. Omi iyọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án: ṣíbí tíì kan àbọ̀, tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, nínú omi lítà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú ìgò tó lẹ́nu gbòòrò. Ẹ wá sípírítì tí kò ní àwọ̀ ní kẹ́mísì, tí wọ́n kọ 95% sí lára. Ife mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan á di bíi 70%. Kí omi sípírítì náà tó ìlọ́po mẹ́wàá aràn, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ògógóró kò lágbára tó, aràn á jẹrà sínú rẹ̀. Fọ́málíìnì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, máa ń ba DNA (àmì àbùdá inú ara) jẹ́. Bí ẹ bá rí tó mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan sínú sípírítì tí ẹ kò bu omi là. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà sí iná.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí ejò, irú ejò àti ibi tí aràn wà nínú ara rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ìgò. Sípírítì máa ń nu bíárò kúrò pátápátá. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn ẹran tàbí ti ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ìlọrin.

Ojú lásán kò lè fi hàn pé irú tuntun ni. Onímọ̀ yóò wọn ìkọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, yóò fi DNA rẹ̀ wé ti àwọn tí a ti mọ̀, yóò sì fẹ́ rí akọ àti abo. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í sábà tó.

Nínú ilé

Ẹyin Armillifer máa ń bá itọ́ àti ìgbẹ́ ejò jáde sórí koríko àti sínú omi. Òkété àti eku ló yẹ kó gbé e mì, kí ejò tún gbé eku mì. Ènìyàn tó bá gbé e mì ti bọ́ sípò eku nìyẹn. Ẹ ya ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi ń gé ejò sọ́tọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ sì se ẹran ejò títí yóò fi jinná dénú egungun. Yíyan fẹ́ẹ́rẹ́ kò tó. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ tí ẹ já lẹ́bàá odò dáadáa. Ní Ọsirélíà, ìròyìn jáde ní 2023 pé wọ́n yọ aràn òjòlá irú mìíràn, tí kì í ṣe Armillifer, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, tó ṣì wà láàyè, nínú ọpọlọ obìnrin kan. Ẹ̀fọ́ inú igbó tó ń já ni wọ́n fura sí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí Armillifer wà lára wọn kì í ṣàìsàn kankan, ṣùgbọ́n ó lè ṣe wọ́n léṣe nígbà mìíràn, pàápàá bó bá wọ ojú. Bí wọ́n bá ya fọ́tò àyà tàbí ikùn yín ní ọsibítù, tí àmì funfun kéékèèké tó tẹ̀ kọdọrọ bá hàn níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ máa ń jẹ ejò tàbí pé ẹ máa ń pa á.