Ẹyẹ Ẹ̀tàn Tó Ń Mira: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó fún Àdàbà àti Ẹyẹlé Oko

Fún àwọn àgbẹ̀ wa ní Gwagwalada, Kwali, Abaji àti agbègbè wọn

Bí ọkà bàbà bá ti ń gbó, tí ẹ̀pà tí a hú sì wà nílẹ̀ tó ń gbẹ, àdàbà ò ní í pẹ́ dé. Ẹyẹlé àpáta náà á tẹ̀ lé e, èyí tójú rẹ̀ pọ́n, tí àmì tótòtó funfun wà ní ìyẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń hó lé wọn, wọn á kàn fò níhìn-ín lọ bà sọ́hùn-ún ni. Ẹyẹ ẹ̀tàn, ìyẹn ẹyẹ àtọwọ́dá tí a fi ń tan ẹyẹ gidi, kì í lé ẹyẹ ní tirẹ̀. Ńṣe ló ń pè é wá síbi tí ọwọ́ yín á ti tó o. Nítorí náà, ẹ má gbé e sáàárín ọkà tí ẹ kò tíì gé o. Ibi tí ẹ ti kórè, tí pòròpórò ti wà nílẹ̀, ni ààyè rẹ̀.

Èwo ni ká rà?

Ẹyẹ ẹ̀tàn tó dúró gbagidi ò burú, àmọ́ ẹyẹlé tó ń kọjá lókèèrè kì í rí i. Ìyẹ́ tó ń jù fẹ̀rẹ̀ fẹ̀rẹ̀ ló ń fà á lójú, torí ó máa rò pé ẹlẹgbẹ́ òun ló ń bà sílẹ̀, a jẹ́ pé oúnjẹ wà níbẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni torí igi. Ẹ la ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè tẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ẹyẹ náà sórí rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ á máa mì í. Kò gba bátìrì, òun ni mo sì máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ń ju apá fúnra rẹ̀, bátìrì ló ń lò. Ó dára, ṣùgbọ́n eruku ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kó pẹ́.

Ìkẹta ni èyí tó ń yí, ọ̀pá méjì, ẹyẹ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni wọ́n ń rí láti ọ̀nà jíjìn jù. Ti òyìnbó wọ́n, àmọ́ ẹ lè fi mọ́tò wáípà ọkọ̀ àlòkù ṣe é. Ẹ máa rí i rà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo, Abuja. Bátìrì ọ̀kadà oní-volt 12 á gbé e. Mọ́tò wáípà sábà máa ń ní eré méjì: wáyà eré jẹ́jẹ́ ni kí ẹ so. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀, kí ẹyẹ méjèèjì má bàa máa yí bí ẹni tẹ̀ lé okùn. Ẹ wá fa wáyà súìṣì rẹ̀ dé ibi tí ẹ lúgọ sí. Súìṣì yẹn ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, wáyà eré ńlá ni mo so. Agbo àdàbà kan gbéra lórí igi dòǹgòyárò, wọ́n ń bọ̀ tààrà. Ó ku bí ogún ìṣísẹ̀ kí wọ́n bà, gbogbo wọn yà bàrá, ó di ọ̀nà odò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Gbàgyí tó ni oko ẹ̀gbẹ́ wa wá fi èdè Hausa bi mí pé ṣé fáànù ni mo gbé wá fún wọn ni. Nígbà tí ìkẹrin ń bọ̀, bí mo ti rí i pé wọ́n ti doríkọ wá, mo pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n bà. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi yíyí rẹ̀ pè wọ́n, mo sì ń fi pípa rẹ̀ sọ wọ́n kalẹ̀.

Àwọ̀ náà ṣe kókó. Ẹyẹlé igbó ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fi ya èyí tó ń ti òkè òkun wá, tòun ti funfun ọrùn àti ìlà funfun gbọọrọ ti ìyẹ́. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tí kì í dán tún un kùn, kí ẹ sì nu ìrì àárọ̀ kúrò lára rẹ̀, torí ohun tó bá ń dán nínú oòrùn ń lé ẹyẹ.

Bí a ṣe ń tò wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan tàbí méjì wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, pàápàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń lọ mu omi. Ẹyẹ máa ń dojú kọ atẹ́gùn kó tó bà. Láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ń fẹ́ wá, nítorí náà ẹ kọ ẹ̀yìn síbẹ̀; oòrùn àárọ̀ náà á wà lẹ́yìn yín, ojú wọn ni yóò máa ta sí. Ẹ to mẹ́jọ sí méjìlá nínú àwọn tí kì í mira bíi pátákò ẹṣin, kí ẹnu rẹ̀ ṣí síbi tí atẹ́gùn ń lọ, kí ìṣísẹ̀ méjì wà láàárín wọn. Àárín tó ṣófo ni àlejò máa bà sí. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ̀rọ wà, ní ìhà ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ìbọn, mítà 20 sí 25 síbi ìlúgọ tó. Bó bá jẹ́ kànnàkànnà, ẹ fà á wá sí 10. Pòròpórò ni kí ẹ fi ṣe ibi ìlúgọ, ẹ kọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ti gbọ́n sí i, ẹ gbé e lọ síbòmíràn.

Jan baki, ẹyẹ kékeré tó ń wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í ṣe ẹran ẹ̀tàn yìí. Ẹ má fi owó ṣòfò lé e.

Ní ti ìbọn, òfin ò gbà á láìsí ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ìbọn ṣe ń dún nínú igbó lápá ibí yìí lákòókò yìí, àwọn fijilanté ò ní í béèrè bóyá àdàbà lẹ ń yìn. Ẹ sọ fún mai unguwa, olórí àdúgbò, àti fún wọn kí ẹ tó jáde. Ní tèmi, kànnàkànnà àti àwọ̀n tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ló sì ń sin ẹyẹlé: èyí tí ẹ bá rí tó fò wá láti àárín ilé, ẹ fi sílẹ̀, ìjà rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹyẹ tí ẹ bá bá lókùú láìmọ ohun tó pa á, ẹ má mú un wálé, ẹ sì má jù ú sí adìyẹ. Ìpínlẹ̀ Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bird flu ní Nàìjíríà lọ́dún 2006, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ ò tíì gbàgbé.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ tú wáyà kúrò lórí bátìrì kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà wọlé. Ọmọ aládùúgbò mi kan tan án nínú yàrá, ọ̀pá rẹ̀ gbá tẹlifíṣọ̀n.